Ilé-iṣẹ́ tí ń bá kílíníìkì wa béèrè owó: àgbéyẹ̀wò láti ibi oówo kékeré tí dókítà là

Ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí ni ó ń bá kílíníìkì tí mo ń bójú tó ní Amẹ́ríkà kọ kóòdù, nọ́ńbà tí ó dúró fún iṣẹ́ tàbí àìsàn kọ̀ọ̀kan, sí iṣẹ́ tí àwọn dókítà bá ṣe, òun náà ni ó sì ń fi ìwé ìbéèrè owó ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò. N kò ní í dárúkọ wọn, nítorí pé ohun tí mo ní í sọ nípa wọn kì í ṣe ìyìn nìkan. Àìsàn kíndìnrín, àpò ìtọ̀ àti ojú ara ọkùnrin ni àwọn dókítà wa ń tọ́jú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe a máa fi iṣẹ́ abẹ ńlá dán ilé-iṣẹ́ báyìí wò, bí i yíyọ kíndìnrín tàbí yíyọ prostate, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré ni èmi fi ń dán wọn wò, pàápàá oówo tí dókítà là ní àpò ẹpọ̀n. Iṣẹ́ ńlá a máa ní àkọsílẹ̀ gígùn, orúkọ rẹ̀ a sì máa hàn gbangba, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá yóò rí kóòdù rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni dókítà máa ń kọ ní ìlà díẹ̀ pẹ̀lú ìkánjú, òun náà sì ni kóòdù tí ó lè bá a mu máa ń pọ̀, tí wọ́n sì máa ń fara jọra.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lọ títí. Aláìsàn dé pẹ̀lú wíwú, ìrora àti ara gbígbóná. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní í jẹ́ kí ojú ibẹ̀ mọ ìrora, ó fi ọ̀bẹ la oówo náà, ó jẹ́ kí ọyún dà jáde, ó fọ inú ihò rẹ̀, ó fi báńdéèjì tẹ́ẹ́rẹ́ dí i, ó sì bu díẹ̀ nínú ọyún náà ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kí wọ́n lè mọ irú kòkòrò tí ó fà á. Aláìsàn á wọ ṣòkòtò rẹ̀, á sì máa lọ sílé. Ẹni tí ó bá rò pé bí iṣẹ́ náà ti kéré tó ni ìwé owó rẹ̀ ṣe kéré kò tíì jókòó ti ìwé náà rí.

Kóòdù iṣẹ́ inú CPT ni a kọ́kọ́ ń wá. CPT ni àkójọ kóòdù tí AMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1966, tí wọ́n sì ń tún ṣe lọ́dọọdún títí di òní. Nínú rẹ̀, 10060 wà ní apá awọ ara, ó sì dúró fún lílà oówo kan ṣoṣo tí ó wà ní awọ tàbí lábẹ́ awọ, tí kò sì mú ìṣòro dání. Bí ó bá díjú tàbí tí ó ju ẹyọ kan lọ, 10061 ni. 55100 dúró fún títú ọyún jáde láti inú ògiri àpò ẹpọ̀n. 54700 ni tí ọ̀bẹ bá kọjá ògiri yẹn wọ inú, dé kóró ẹpọ̀n, tàbí epididymis tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, tàbí àyè tí ó yí wọn ká. Bí ó bá sì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ nìkan ni dókítà fi fa ọyún náà láìfi ọ̀bẹ la ibẹ̀, 10160 ni ó yẹ kí a wò. Owó tí Medicare, ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe pàápàá fún àwọn àgbàlagbà, ń san lórí 54700 àti 55100 ju ti 10060 lọ, nítorí náà ẹni tí ó bá yan kóòdù láìka àkọsílẹ̀ lè fi owó dókítà ṣòfò, ó sì lè gba owó tí kò tọ́ sí i. Èkejì yìí ni ó ń dá ẹ̀rù bà mí jù, nítorí pé òfin tí ó de ẹni tí ó bá gba owó ìjọba lọ́nà àìtọ́ ní Amẹ́ríkà kò fojú kékeré wò ó, àti pé owó tí kílíníìkì bá mọ̀ pé ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ gbọ́dọ̀ padà sí àpò Medicare láàárín 60 ọjọ́.

Ibí yìí ni ilé-iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ wù mí. Ilé-iṣẹ́ tí a ń lò ṣáájú wọn a máa lo 10060 fún gbogbo oówo tí ó bá ti wà ní àpò ẹpọ̀n, nítorí pé òun ni kọ̀ǹpútà wọn kọ́kọ́ ń gbé síwájú wọn. Àwọn wọ̀nyí ń ka àkọsílẹ̀. Ní ìgbà kan, ohun tí dókítà kọ kò ju pé a la oówo àpò ẹpọ̀n, pé ọyún púpọ̀ jáde, pé a sì fi báńdéèjì dí i. Obìnrin tí ń bá wa kọ kóòdù níbẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ìbéèrè ránṣẹ́ pé kí dókítà ṣàlàyé ibi tí oówo náà wà gan-an, bí ọ̀bẹ ṣe jìn tó, àti ohun tí ó rí nígbà tí ó la ibẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò béèrè bóyá ọ̀bẹ wọ inú àpò náà. Bí ó bá béèrè bẹ́ẹ̀, ó ti fi ìdáhùn sí dókítà lẹ́nu nìyẹn, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í sì í ṣe é. Dókítà fèsì pé ògiri àpò náà ni oówo wà, pé òun kò wọ inú, pé ihò náà jìn díẹ̀ sábẹ́ awọ ṣùgbọ́n kò dé ibi kóró ẹpọ̀n. Wọ́n ní kí ó fi èyí kún àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó ń kọ ọ́ gan-an, kí ó má ṣe fi ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sí i bí ẹni pé ìgbà yẹn ni ó kọ ọ́. 55100 ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ìbéèrè yẹn mú kí ìwé owó náà pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jáde, inú dókítà kò sì dùn sí i, ṣùgbọ́n inú tèmi dùn.

Obìnrin yìí ní ìwé-ẹ̀rí tí AAPC, ẹgbẹ́ àwọn tí ń kọ kóòdù ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ń fún àwọn tí ń kọ kóòdù fún iṣẹ́ ọ̀nà ìtọ̀ nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní CUC. N kò ní kí gbogbo ènìyàn lọ gba irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn. Ó mọ̀ pé oówo tí ó wà ní awọ ojú ara ọkùnrin, tí kò jìn, ṣì lè jẹ́ 10060, nígbà tí èyí tí ó jìn jẹ́ 54015. Ó sì mọ̀ pé inú prostate tàbí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ìtọ̀ ní kóòdù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó tún mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò ní oówo lásán. Bí ara ibẹ̀ bá ti ń kú tí ó sì ń jẹrà, irú èyí tí ICD-10-CM, àkójọ kóòdù àìsàn, fún ní N49.3, kì í ṣe iṣẹ́ kékeré mọ́, kóòdù iṣẹ́ rẹ̀ kò sì sí ní ẹ̀gbẹ́ 55100 rárá.

Kóòdù àìsàn ni ó tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2015 ni Amẹ́ríkà ti ń lo ICD-10-CM, oṣù kẹwàá náà sì ni àtúnṣe tuntun rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọọdún, nígbà tí ti CPT ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Ẹni tí kò bá fi ọjọ́ méjèèjì yìí sọ́kàn yóò máa fi kóòdù tí ó ti kú ránṣẹ́. Oówo àpò ẹpọ̀n jẹ́ N49.2. Bí oówo bá wà nínú kóró ẹpọ̀n tàbí epididymis, N45.4 ni. Tí ó bá wà ní ojú ara ọkùnrin, N48.21 ni. Àwọn kóòdù tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú L02, tí wọ́n wà fún oówo awọ ara, ni ẹni tí kò bá fara balẹ̀ máa ń ṣàdédé mú, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà jọ ọ́. Ṣùgbọ́n atọ́ka ìwé náà fúnra rẹ̀ ni ó ń darí oówo àpò ẹpọ̀n sí N49.2. Bí L02 bá jókòó ti 55100 nínú ìwé kan náà, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè sọ pé àìsàn àti iṣẹ́ kò bára mu, wọn a sì dá ìwé náà padà pẹ̀lú kóòdù ìkọ̀sílẹ̀ 11. N kò tíì rí èyí lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí.

Ohun kan tí n kò retí ni pé wọ́n máa ń wo èsì ilé àyẹ̀wò kí wọ́n tó fi ìwé ránṣẹ́, bí èsì náà kò bá ní í pẹ́ jù. N49 ní àṣẹ lábẹ́ rẹ̀ pé kí a fi kóòdù mìíràn kún un láti fi irú kòkòrò tí ó fà á hàn, láti inú ọ̀wọ́ B95 sí B97. Bí èsì bá fi hàn pé kòkòrò MRSA, èyí tí ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò kì í ràn, ni, B95.62 ni wọ́n ń fi kún un, bí dókítà bá ti kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí aláìsàn bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tí dókítà sì kọ ọ́ pé òun gbé e yẹ̀ wò, wọ́n ń kọ ìyẹn náà. Àwọn kóòdù wọ̀nyí kì í fi kọ́bọ̀ kún owó 55100, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ọkùnrin kan fi tún padà wá pẹ̀lú oówo mìíràn, àwọn ni ẹlẹ́rìí wa. Owó àyẹ̀wò ọyún náà, tí ó máa ń jẹ́ 87070 àti nígbà mìíràn 87075, jẹ́ ti ilé àyẹ̀wò tí ó ṣe é, àwọn ènìyàn wa kì í sì í fi ọwọ́ kàn án. Abẹ́rẹ́ tí dókítà fún aláìsàn kí ó tó la ibẹ̀ kò ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀bẹ àti báńdéèjì.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú ariyanjiyan wá láàárín wa ni àmì 25, èyí tí a ń so mọ́ kóòdù ìbẹ̀wò láti sọ pé ó dá dúró lọ́tọ̀ sí iṣẹ́ abẹ ọjọ́ náà. Nígbà tí aláìsàn bá dé, dókítà a máa bá a sọ̀rọ̀, a máa yẹ̀ ẹ́ wò, a sì máa pinnu pé ó yẹ kí a la oówo náà. Àwọn dókítà wa gbà pé ìbẹ̀wò yẹn ní owó tirẹ̀, kí a kọ 99213 tàbí 99214 sí ẹ̀gbẹ́ 55100 kí a sì fi àmì 25 sí i. Ilé-iṣẹ́ náà kọ̀. Àlàyé wọn ni pé ìlànà NCCI, tí CMS, ọ́fíìsì ìjọba tí ń darí Medicare, gbé kalẹ̀ láti ọdún 1996 fún yíyẹ àwọn kóòdù tí a bá kọ pọ̀ wò, sọ ọ́ ní kedere pé ìpinnu láti ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré ti wà nínú owó iṣẹ́ náà, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí aláìsàn wá nìyẹn. Bí dókítà bá tún ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ó dá dúró, tí ó sì tó nǹkan, ìgbà yẹn nìkan ni àmì 25 tọ́. Wọ́n fi ọkùnrin kan tí ó ti ń tọ̀ pẹ̀lú ìnira ṣàpẹẹrẹ: lọ́jọ́ tí dókítà la oówo rẹ̀, ó tún gbé ọ̀rọ̀ prostate rẹ̀ yẹ̀ wò, ó yí oògùn rẹ̀ padà, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sí abala ọ̀tọ̀. Ìyẹn ni wọ́n kọ àmì 25 sí, Medicare sì san owó méjèèjì.

Mo gbè sẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà lórí èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dín owó tí ń wọlé sí wa kù. Ìdí kan wà tí mo fi gbà pé òótọ́ inú ni wọ́n fi ń ṣe é. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa jẹ́ ìdá kan nínú owó tí ó bá wọlé, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti ń béèrè púpọ̀ sí i ni tiwọn náà ń pọ̀ sí i. Ewu irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì: OIG, ọ́fíìsì tí ń ṣọ́ owó ìlera ìjọba àpapọ̀, ti gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde láti ọdún 1998 fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń bá dókítà béèrè owó. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá lè sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé owó yìí kò tọ́ sí yín, nígbà tí àpò tirẹ̀ náà yóò fò sókè tí ó bá dákẹ́, ti gba ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n tún mọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ kékeré. Fún Medicare, 55100 jẹ́ iṣẹ́ kékeré tí ọjọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e wà nínú owó kan náà. Bí aláìsàn bá padà wá kí a yọ báńdéèjì inú ihò náà kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sí owó tuntun. 99024 ni wọ́n ń kọ sínú ìwé wa, kóòdù tí kò ní owó lórí ṣùgbọ́n tí ó ń fi hàn pé ìbẹ̀wò náà wáyé. Bí ọyún bá tún kóra jọ ní ọjọ́ kẹfà, tí dókítà sì tún la ibẹ̀ nínú kílíníìkì, Medicare kò ní í san owó mìíràn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá le débi pé a gbé aláìsàn lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, àmì 78 wà fún ìyẹn, owó iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń san, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mẹ́wàá tuntun. Ohun tí ó yẹ fún ìyìn ni pé wọn kì í rò pé ohun tí Medicare ṣe ni gbogbo ilé-iṣẹ́ adójútòfò aládàáni ń ṣe. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, níwọ̀n bí àwọn kan ti ń san owó ìtọ́jú ìṣòro tí ó yọjú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí a bá ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Nípa ìwé tí àwọn adójútòfò bá kọ̀, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tí mo rántí jù ni ti ọkùnrin kan tí dókítà mìíràn ti gé nǹkan kékeré kan lára awọ rẹ̀ ní kílíníìkì wa kan náà, tí oówo àpò ẹpọ̀n sì yọ sí i láàárín ọjọ́ mẹ́wàá iṣẹ́ yẹn. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ adójútòfò rí iṣẹ́ méjì láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì dá ìwé kejì padà pẹ̀lú kóòdù ìkọ̀sílẹ̀ 97, èyí tí ó túmọ̀ sí pé owó rẹ̀ ti wà nínú ti iṣẹ́ mìíràn. Àmì 79, tí ń sọ pé iṣẹ́ kejì kò bá àkọ́kọ́ tan, ni kò sí lórí ìwé náà. Wọ́n fi àmì náà sí i, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ padà pẹ̀lú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ méjèèjì, owó sì wọlé. Medicare fún ẹni tí ìpinnu rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn ní 120 ọjọ́ láti béèrè àtúnyẹ̀wò àkọ́kọ́, ó sì fún wa ní odindi ọdún kan láti ọjọ́ iṣẹ́ kí ìwé tuntun tó di ohun tí kò wúlò mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni kò fúnni ní àyè tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n máa ṣe ni kí wọ́n sọ fún mi lọ́sẹ̀ tí adójútòfò bá dá ìwé kan padà. Lọ́wọ́lọ́wọ́, ìròyìn ìparí oṣù ni mo ń rí i.

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti kù díẹ̀ káàtó gan-an ni ìwé owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí aláìsàn. Baba àgbà kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, gba ìwé kan tí ó ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ lórí, nítorí pé apá iṣẹ́ abẹ nínú CPT ni 55100 wà, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ kéré. Baba pè mí tìbínú-tìbínú. Ó ní, “Ọmọ mi, èmi kò wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kankan o. Orí bẹ́ẹ̀dì dókítà ni mo wà, kò pẹ́ tí mo fi dìde. Ta ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún?” Kò burú kí Baba bínú. Ó ti kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tí ó wà lórí ìwé náà, ẹni tí ó gbé fóònù sì sọ fún un pé ohun tí dókítà kọ ni àwọn ń kọ, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí mo wo ìwé náà dáadáa, mo rí i pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó kù lẹ́yìn tí Medicare ti san tirẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ni Baba ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò kejì tí ó yẹ kí ó san án, ilé-iṣẹ́ kejì náà kò sì tíì dáhùn rárá. Ìwé náà jáde ṣáájú àkókò rẹ̀. Kì í ṣe Baba nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí.

Àwọn tí kò ní adójútòfò rárá tún ń rí èyí tí ó ju ìyẹn lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, òfin No Surprises Act ti fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti mọ iye tí iṣẹ́ máa ná wọn kí a tó ṣe é, bí wọ́n bá béèrè tàbí bí a bá ti dá ọjọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ṣáájú. Bí owó tí ó dé lẹ́yìn náà bá fi $400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju èyí tí a kọ fún wọn lọ, wọ́n lè pe ẹjọ́ owó náà. Ìwé ìdíyelé tí ilé-iṣẹ́ yìí ń bá wa ṣe fún oówo kò ju ìlà kan lọ: 55100 àti iye rẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan lórí rẹ̀ tí ó sọ pé ilé àyẹ̀wò yóò fi ìwé owó tirẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀, tàbí pé bí dókítà bá ní láti fi ẹ̀rọ wo inú àpò náà kí ó tó là á, tí ó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, 76870 yóò wọ inú ìṣirò. Mo ti kọ̀wé sí wọn lórí èyí. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé ohun tí òfin béèrè ni àwọn ṣe. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ sanwó kò gbọ́ èdè òfin, ohun tí yóò san ni ó fẹ́ mọ̀, ọ̀dọ̀ wa sì ni ó ń bọ̀ wá bínú, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn ohun yòókù kò yẹ kí ó gba àkókò wa. Wọ́n bá wa fọwọ́ sí àdéhùn HIPAA lórí àṣírí àwọn aláìsàn kí wọ́n tó rí ìwé kan ṣoṣo. Wọn kì í ṣi ibi iṣẹ́ kọ: 11 fún kílíníìkì, 22 fún apá àwọn tí kì í sùn ní ilé ìwòsàn ńlá, 23 fún yàrá pàjáwìrì. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ti hàn lọ, nítorí pé owó dókítà máa ń dín kù bí iṣẹ́ bá ti wáyé nínú ilé ìwòsàn tí yóò béèrè owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Iye tí wọ́n ń gbà kò wọ́n, kò sì pọ́ọ́kú.

Ní tèmi, kílíníìkì tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ní irú àwọn iṣẹ́ kéékèèké báyìí, tí ó sì ní ẹnìkan nílé tí ó lè bá aláìsàn sọ̀rọ̀, yóò gbádùn ilé-iṣẹ́ bí èyí. Kílíníìkì tí ó ń wá ẹni tí yóò gbé gbogbo rẹ̀ lé lórí, láti orí kóòdù títí dé orí fóònù, kò ní í gbádùn wọn. Nígbà tí àdéhùn wa parí, a tún un ṣe pẹ̀lú wọn fún kíkọ kóòdù, fífi ìwé ránṣẹ́ àti bíbéèrè àtúnyẹ̀wò. Ìwé owó aláìsàn àti ìwé ìdíyelé ti padà sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tiwa, kò sì sí èyí tí ń jáde mọ́ títí adójútòfò kejì yóò fi dáhùn. Wọ́n dín ìdá tí wọ́n ń gbà kù díẹ̀ nítorí èyí, lẹ́yìn tí a ti jiyàn lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.